Ẹ Má Tíì Sin BLO

Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí àwo rọ́ọ̀kì Nàìjíríà ayé ìjọ́un

Ẹ̀yin olólùfẹ́ BLO nílé lóko,

Ẹ kú àríyànjiyàn. Mo ti bá yín jókòó tó láti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ. Ẹnì kan á gbé Chapter One, àwo àkọ́kọ́ BLO, sórí ẹ̀rọ, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣàdúrà òkú. Àwo á yí, á yí, á parí. Ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ olórin nìyí." Àwọn yòókù á mi orí. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá dá ẹjọ́ Bulky Backside, àwo wọn ti 1980, láìtiẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀. Ẹ ó ní dísíkò ni. Ẹ ó ní owó ti wọ̀ wọ́n lójú. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbèjà rẹ̀, ẹ ó máa wò ó bí ẹni tó wọ bàtà wọ mọ́sálásí.

Ọjọ́ tí ẹ wò mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ni mo délé tí mo gbé bírò.

Kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹ má baà wí pé etí mi ló di. Chapter One ni èmi náà fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwo wọn. "Chant to Mother Earth" tó wà nínú rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ débi pé ìyàwó mi mọ ibi tí gìtá ti máa ké kí gìtá tó ké. Nítorí náà, ẹjọ́ tí mo bá yín rò kò sí lórí ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ohun tí ẹ ń fi ìfẹ́ náà ṣe fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló ń dùn mí.

Fún ọmọ tí kò mọ ẹni tí à ń sọ: ẹni mẹ́ta ni BLO níbẹ̀rẹ̀. Berkley Jones tó ń ta gìtá ló ni B, Laolu Akins tó ń lu ìlù ló ni L, Mike Odumosu tó di báàsì mú ló ni O. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Chapter One jáde lọ́dọ̀ EMI ní 1973. Phase II àti Step Three jáde ní 1975, Phase IV ní 1976, Bulky Backside ní 1980, Back in Time ní 1982, ibẹ̀ sì ni ilé tú sí. Àwo mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò burú fún ẹgbẹ́ tí ẹ ń sọ pé ó kú ní ọdún kẹta.

Torí ibẹ̀ náà ni ẹ fa ìlà sí: 1975. Ohun tó wà níwájú ìlà, rọ́ọ̀kì. Ohun tó wà lẹ́yìn ìlà, pàǹtí. Àwọn tó le jù nínú yín kò tiẹ̀ jẹ́ kí Phase II wọlé. Mo mọ̀ pé irú ìjà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Genesis ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ara wọn fà á lórí Genesis ìgbà tí Peter Gabriel ń kọrin àti Genesis ìgbà tó kúrò ní 1975 tí Phil Collins tó ń lu ìlù gba orin kíkọ. Àwọn ti Metallica ṣì ń jà títí di òní lórí àwo tí ẹgbẹ́ náà ṣe ní 1991. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, tọ̀tún-tòsì wọn ló gbọ́ àwo ìgbà méjèèjì kó tó bú wọn. Tiwa ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbọ́ àwo karùn-ún àti ìkẹfà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin rí, ẹnu ẹlòmíràn ni ẹ ti gbọ́ pé kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí "ojúlówó" tí ẹ máa ń pariwo. Ẹ ní ojúlówó BLO ni ti àkọ́kọ́. Ojúlówó kí ni? Kí BLO tó wà, Jones àti Akins wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Clusters, tó ń kọ orin Beatles àti ti àwọn ẹgbẹ́ wọn fún àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Láti ibẹ̀ ni Afrocollection ti jáde, tí àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, bá wọn wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Ginger Baker dé. Òun ni òyìnbó tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream. Mọ́tò ló fi la aṣálẹ̀ Sàhárà já wá sí Nàìjíríà ní 1971. Ó bá Fẹlá lu ìlù, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Òun ló kó Jones àti Akins àti àwọn ìbejì náà sínú ẹgbẹ́ tó sọ ní Salt, tí wọ́n sì gbé lọ ṣeré lókè òkun. Ìgbà tí Salt túká ni Jones, Akins àti Odumosu dá tiwọn sílẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohùn tí ẹ ń pè ní ojúlówó yẹn, ohùn àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀yìn òyìnbó dé ni. Gìtá tó ń han gooro, ìlù tó ń jà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu: ọ̀dọ̀ Cream àti Jimi Hendrix ni ọ̀nà rẹ̀ ti wá. N kò fi bú wọn. Aṣọ àyálò ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n wọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ín lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n yá aṣọ mìíràn, èyí tó wá láti ilé ijó Amẹ́ríkà. Kí ló dé tí aṣọ àyálò kìíní fi di ogún bàbá wọn, tí èkejì sì di olè jíjà? Tí a bá sì ní ká wá gbòǹgbò lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni a ó bá nídìí rọ́ọ̀kì, àwọn náà ni a ó bá nídìí dísíkò.

Mo mọ ìdáhùn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwo kìíní bá etí ẹni tó jókòó mu. Àwo karùn-ún bá ẹsẹ̀ ẹni tó dìde mu. Ẹ̀yin jókòó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó 1973, ká fi etí òní sílẹ̀ ná. Ogun abẹ́lé kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó parí. Owó epo ti ń rúnlẹ̀. Òde ìnáwó kún ìta gbogbo, tí Ebenezer Obey bá wà lópòópónà yìí, Sunny Adé á wà lópòópónà kejì. Ẹ sì mọ bí òde ṣe rí: olórin á ki olówó, á dárúkọ bàbá rẹ̀, á dárúkọ ìyá rẹ̀, á bá a dé ilé àna, olówó á jó bọ̀ síwájú, á máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, owó á máa já bọ́ sílẹ̀, ọmọ kékeré kan á máa ṣà á sínú àpò. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ yẹn ló ń bọ́ ẹgbẹ́ jùjú, ju owó àwo lọ. Ẹ wá gbé ọmọ mẹ́ta tó dá irun sí, tó ń kọrin nípa ilẹ̀ tó jẹ́ ìyá gbogbo wa, sí irú òde bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ kì? Olówó wo ló fẹ́ dìde nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ bàbá rẹ̀? Rọ́ọ̀kì kò ní oríkì ẹnì kankan nínú. Ibi tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti dí ní ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, kì í ṣe pé etí wa kò gbọ́ ohun tó dùn.

Ohun tó kù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà, àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn tí kò sì ní kọ́bọ̀. Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kún un. Dùndún kò gba iná mànàmáná. Gìtá oníná àti àwọn àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, òkèèrè ni wọ́n ti ń kó wọn wọlé, owó wọn sì ga débi pé ẹni tó ni irinṣẹ́ ló ni ẹgbẹ́ láyé ìgbà náà. Onílé ijó kan tàbí olówó kan á ra gbogbo rẹ̀, á fi àwọn ọmọkùnrin sídìí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá bínú, ẹgbẹ́ ti parẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹ bá ń sọ pé owó wọ̀ wọ́n lójú. Ojú tí owó kò bá rí wọ̀, òun náà kì í pẹ́ fọ́.

Lẹ́yìn Chapter One, wọ́n kúrò lọ́dọ̀ EMI, wọ́n bọ́ sí Afrodisia, tó jẹ́ ti Decca, ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń gbé àwo Obey jáde. Àwọn ènìyàn tó mọ ohun tó ń tà nìyẹn. Àsìkò náà gan-an ni owó Údọ́jì, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ẹ̀rọ sitẹrió wọ pálọ̀ tí kò ní i rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ijó dísíkò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. DJ kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni mẹ́jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ra oúnjẹ fún. Ẹgbẹ́ tó bá ń fẹ́ kí orin òun dún nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe èyí tí DJ lè gbé tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà tí ijó kò ní dá. Ìlù gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Gìtá kò gbọdọ̀ rìn jìnnà. Báàsì ló máa fa ẹsẹ̀. Ẹ ń pe ìyẹn ní ìṣubú. Èmi ń pè é ní iṣẹ́ tí ẹni tó ṣe é kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń jó kì í forí jì.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ẹ máa ń fò. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Nígbà tó di 1976, ọ̀kan nínú ààrò náà ti kúrò nílé: Odumosu ti wà nínú ẹgbẹ́ Osibisa, báàsì rẹ̀ ló wà nínú àwo Ojah Awake tí wọ́n ṣe lọ́dún náà. O ti jáde nínú BLO. Jones àti Akins ló kù, wọ́n sì ní láti pe ẹlòmíràn wá gbé ìkòkò náà ró. Ọbẹ̀ kò dànù, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ yí padà. Ta ni kò ní yí padà? Ẹ fẹ́ kí ẹni méjì máa dún bí ẹni mẹ́ta, ẹ sì ń bínú pé wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ohun kan lọ tí kò padà mọ́. Àyè tó máa ń wà láàárín àwọn mẹ́ta nínú àwo kìíní, tí èèyàn fi lè tọ́ka sí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, ẹ kò ní í bá a nínú àwo karùn-ún. Níbẹ̀, mo wà lẹ́yìn yín.

Àmọ́ ẹ má fi orúkọ àwo náà gbá mi létí. Mo ti gbọ́ ọ tó: "Bulky Backside! Irú orúkọ wo nìyẹn?" Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ló ń sọ èyí! Àwa tí a kò ní irú orin àríyá kan tí kò tíì kan sáárá sí ìdí obìnrin, láti orí jùjú dé fújì dé sákárà! Tí ẹ bá fẹ́ lé gbogbo olórin tó kọ orin nípa ìdí kúrò nílùú, ta ni yóò ṣeré níbi ìsìnkú bàbá yín?

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe olùkójọ àwo. Àǹtí mi ni, àbúrò ìyá mi. Ní 1980, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni wọ́n, wọ́n ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá, owó oṣù wọn sì mọ ọ̀nà ilé ijó. Ọjọ́ tí mo bi wọ́n léèrè nípa BLO, wọ́n ní, "Àwọn tó ṣe Bulky Backside ńkọ́?" Mo ní àwọn ni, ṣùgbọ́n pé wọ́n ti ṣe àwo kan ṣáájú tí gbogbo ayé ń wá báyìí. Wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé fún mi: ìjìnlẹ̀, ìrònú, gìtá. Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ ronú á lọ ka ìwé. Orin ni àwa ra."

N kò ní èsì. Mo ṣì ń wá a.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ nípa ibi tí ìlà yín ti wá, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á. Láti 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ti ń wá orin Nàìjíríà àwọn ọdún 1970 tún tẹ̀. Strut ṣe àkójọ iṣẹ́ BLO lọ́dún náà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Phases 1972–1982. Soundway gbé Nigeria Rock Special jáde ní 2008. Ní 2016, Now-Again gbé Wake Up You! jáde, ìwé àti àwo pọ̀, tí Uchenna Ikonne kọ nípa ìdìde àti ìṣubú rọ́ọ̀kì Nàìjíríà láti 1972 sí 1977. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí kì í bá ṣe wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwo wọ̀nyí ì bá ti di ohun tí ọmọdé fi ń ju òkò. Àmọ́ olùwá kì í rí ju ohun tó ń wá lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra àwo tuntun wọ̀nyí ń wá ni gìtá tó ń gbó bí ajá. Ibi tí gìtá náà bá ti dákẹ́, wọ́n á ti ìwé pa. Àwa tó wà nílé wá gba ìwé tí wọ́n ti tì pa náà, a kò ṣí i wò mọ́.

Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwo àtijọ́ kan ní Èkó. Ọ̀gá tó ni ín, tí n kò ní dárúkọ, ti pín àwo rẹ̀ sọ́nà méjì. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, lókè, lẹ́yìn orí rẹ̀. Wọn kò sì ní owó lára, torí ojú ẹni tó bá wọlé ló ń wò kó tó sọ iye. Àwọn ti ìparí 1970 sí 1980 wà nílẹ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, eruku ti bò wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣà wọ́n wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, òyìnbó kì í ra ìyẹn." Ó rò pé ó ń ṣàánú mi ni.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an.

Ní 1989, Shina Peters, olórin jùjú, gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Ace. Ọmọ tó ti inú ẹgbẹ́ Prince Adékúnlé wá ni, tó ti bá Ṣẹ́gun Adéwálé dá ẹgbẹ́ Shina Adewale sílẹ̀ kí oníkálukú tó gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò nílò kí n ṣàlàyé. Kò sí ilé tí Ace kò wọ̀. Àwọn ọmọ tó ti sọ pé jùjú, orin àwọn bàbá àwọn ni, tó jẹ́ pé orin Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jó jùjú níbi ọjọ́ ìbí ara wọn. Ọ̀pá-ìdiwọ̀n orin àríyá Yorùbá yí padà: jùjú di ohun tó ń sáré, kíbọ́ọ̀dù ń tàn yòò, ìlù kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti padà lọ jókòó. Afro-jùjú ni wọ́n pè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwo kejì dé, wọ́n fi orúkọ ìgbónára tó gba ìlú kan náà pè é: Shinamania.

Ta ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó darí bí wọ́n ṣe gba Ace sílẹ̀? Laolu Akins. L inú BLO.

Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín lára díẹ̀. Onílù Chapter One, tó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú Ginger Baker, òun ló bá wa tún jùjú ṣe. Ẹ ní kí n gbà pé ohun tó kọ́ ní 1973 ló lò níbẹ̀? Ẹ gbọ́ méjèèjì ní títẹ̀léra. Ohun tó wà nínú Ace kò jọ "Chant to Mother Earth" rárá. Ìlù tó mọ ààyè rẹ̀ ni, tí kò kọjá ibẹ̀. Báàsì tó ń fa ẹsẹ̀. Gbogbo ohùn tó mọ́ roro, tí ọ̀kan kò tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Àwo tó mọ̀ pé òun máa dún nínú gbàgede tí ariwo àwo oúnjẹ àti ariwo ìyàwó ilé wà. Ibo ni èèyàn ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni, lábẹ́ eruku. Etí mi ni mo fi ń sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó jà mí níyàn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ àwo karùn-ún ná. Mo gbà lọ́kàn mi pé àwọn ọdún tí ẹ ń pè ní ọdún àṣìnà ni onílù náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú Yorùbá dìde nílẹ̀. Bí BLO bá ti kú ní 1975 bí ẹ ṣe fẹ́, n kò mọ ọwọ́ tí Shina Peters ì bá bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà kejì, ẹ̀yin tí ẹ ń pe Chapter One ní ariwo àwọn ọmọ tó fẹ́ di òyìnbó. Ẹ kò pọ̀, ẹ kò sì pariwo, ìdí nìyí tí n kò fi bá yín jà púpọ̀. Àmọ́ ẹ ń ṣe ohun kan náà. Ẹ̀yin ń fi ẹsẹ̀ dá ẹjọ́, àwọn olólùfẹ́ Chapter One ń fi etí dá a. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú ìgboyà láti dúró níwájú ìlú tó fẹ́ràn oríkì, kó máa ta gìtá láìpe orúkọ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ọmọ tó fẹ́ di òyìnbó. Ọmọ tó lágídí ni. A sì mọ ibi tí àwọn ọmọ tó lágídí máa ń wúlò.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ má dúró lórí ìkíní nígbà tí àwọn ọmọdé bá wá gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ọ̀nà náà ṣe rìn, kí wọ́n fúnra wọn yan ibi tí wọ́n fẹ́ sọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún àwo tẹ̀, ẹ tún àwọn ti ìkẹyìn náà tẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó nípọn bí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dá sí i, torí àwọn tó wọlé lẹ́yìn Odumosu, ènìyàn ni wọ́n, wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ lọ bá àwọn tó jó sí orin náà ní 1980 kí ẹ̀rí wọn tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo ti kà, gìtá ni wọ́n bi gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan kò bi oníjó léèrè rí.

Mo gbé àwo lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ewú ti gba orí wọn báyìí, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Chapter One ni mo kọ́kọ́ gbé sí i. Wọ́n fara dà á títí gìtá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n ní, "Ta ló kú fún wọn?" Mo yọ ọ́, mo gbé Bulky Backside sí i. Èjìká wọn kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́. Kó tó pẹ́ wọ́n ti di apá àga mú, wọ́n dìde, wọ́n ń fi ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ méjèèjì jó nítorí èkejì kọ̀. Mo gbé Ace tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn jáde láti inú yàrá. Nígbà tó parí, wọ́n jókòó, wọ́n ń nu òógùn, wọ́n ní kí n pọn omi fún wọn. Mo rò pé mo ti borí yín, inú mi sì ń dùn.

Wọ́n mu omi tán, wọ́n ní, "Èyí àkọ́kọ́ yẹn, tún un gbé sí i. Inú ló ń bí mi nígbà tí ò ń gbé e sí i, mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Èmi ni tiyín,
ẹni tí ẹ wò bí ẹni tó wọ bàtà wọ mọ́sálásí,
Ìbàdàn.